Ẹṣin Tí Kò Gbọ́ Ìbọn Rí

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 2025.

Bọ̀dá mi Zayd,

Àsàlámù àlékún o. Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́ òru, ẹ kú àìrójú. Mo mọ̀ pé yìnyín ò tíì kúrò nílẹ̀ ní Calgary yín. Àwa ńkọ́, ọyẹ́ ti lọ, ooru ti gba ipò rẹ̀. Ẹ má bínú pé ìwé ni mo kọ tí mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí wáàsáàpù. Bí mo bá pè yín, Màmá á gbọ́. Ẹ mọ ilé wa, ògiri rẹ̀ kò gba àṣírí. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi kò yá tó ọwọ́ mi.

A ti ṣe ohun tí ẹ ní ká ṣe. Bàbá Abdulhakeem, àbúrò Bàbá wa, wá láti Ayépé, wọ́n kó gbogbo ohun tí Haneef àbúrò wa fi sílẹ̀: ọ̀kadà rẹ̀, àṣíborí rẹ̀, bàtà rẹ̀, títí kan ife tó fi ń mu gaàrí. Wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ lára ògiri pálọ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dárúkọ rẹ̀ lójú Màmá mọ́. Wọ́n ní bí a kì í ti í fi sàréè ọmọ han òbí, bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí ẹrù ọmọ máa wo òbí lójú.

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá mi, ibi tí wọ́n ti yọ àwòrán yẹn, ọ̀dà ibẹ̀ mọ́ ju ti ìyókù ògiri lọ. Ibẹ̀ ni Màmá ń wò báyìí bí wọ́n bá jókòó. Haneef inú àwòrán ń rẹ́rìn-ín. Èyí tí wọ́n ń rí níbẹ̀ nísinsìnyí, mi ò rò pé ó ń rẹ́rìn-ín.

A kó ọ̀kadà tiwa lọ, ṣùgbọ́n ta ló lè kó ọ̀kadà kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde? Bí ọ̀kan bá ti tẹ bíréèkì níwájú ilé, ohun tó bá wà lọ́wọ́ Màmá á bọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, odindi páálí bọ́tìnnì ló dà sílẹ̀ ní ìsọ̀, mo ń ṣà á títí ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti ti ìsọ̀ náà báyìí. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń rí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ Haneef tó yọ lábẹ́ aṣọ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ ìjàǹbá yẹn, ìbọ̀sẹ̀ kan ní ẹsẹ̀ òsì, òmíràn kò sí. Wọ́n ní, "Mi ò pè é, Rahmah. Òun ló ń wá fúnra rẹ̀." Wọn kì í sùn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ẹgbẹ́ Bàbá Abdulhakeem máa jáde ní Ojúde Ọba ọdún yìí, ilé wa ni wọ́n fẹ́ fi àwọn àlejò wọn sí. Wọ́n ní kí Iléyá tó dé, àwọn máa mú Màmá lọ sí abúlé kan tí ọkùnrin kan ti ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Mo mọ ibẹ̀. Ẹ rántí Mojí tó ń dirun ní àdúgbò wa? Àǹtí rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àpá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà ní ọrùn ẹsẹ̀ obìnrin yẹn títí dòní.

Bọ̀dá mi, láti ìgbà tí Bàbá wa ti kú, ọ̀rọ̀ yín nìkan ni Bàbá Abdulhakeem ń gbọ́. Èmi, ọmọdé ni mo jẹ́ lójú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n má mú Màmá lọ.

Àbúrò yín,
Rahmah.


Calgary,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejì, 2025.

Rahmah mi,

Wàálékúmù sàlámù. Báwo ni ara ẹ? Mo rí ìwé ẹ gbà. Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ ṣì dára bíi ti ọjọ́ tí o ń bá mi kọ àlàyé sínú ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá.

Ṣùgbọ́n fara balẹ̀. Bàbá Abdulhakeem ló dúró tì wá nígbà tí Bàbá kú. Àwọn ló sin Haneef, tí èmi ò lè fò wálé. Wọn ò lè ṣe Màmá níkà. Bóyá kí Màmá kàn sinmi ní abúlé fúngbà díẹ̀ ni. Máa ronú kí o tó máa fi ẹnu àwọn onídìrí da ilé rú.

Ohun tí a ṣe dára. Egbò tó ń gbẹ, a kì í họ ọ́. Màmá á gbàgbé bí kò bá sí ohun tó ń rán wọn létí. Pe ọlọ́dà, kó kun ògiri yẹn. Má sì ṣe mú wọn lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ kankan. Bí aráyé bá rí i pé ìyá ẹ ń lọ síbẹ̀, ta ló máa wá fẹ́ ẹ? Èmi kọ́ ni mo ṣe ayé bẹ́ẹ̀.

Ohun tí o kọ nípa ìbọ̀sẹ̀ yẹn, jọ̀ọ́, má tún kọ irú ẹ̀ sí mi mọ́.

Mi ò pè ní Sátidé nítorí iṣẹ́. Sọ fún Màmá pé mo kí wọn. Bí o bá gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀ ní Kánádà, bá mi fún un ní gaàrí wa, èyí tó kan dáadáa. Eléyìí tí wọ́n ń tà níbí, bí iyẹ̀pẹ̀ ló rí lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Abdulhakeem, màá rò ó wò.

Zayd.


Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta, 2025.

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wa. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Mi ò pe ọlọ́dà.

Mi ò sì mú Màmá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo mú wọn lọ wò ní ilé ìlera. Nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Mosúnmọ́lá ló ń kọ orúkọ. Ó bi wọ́n pé, "Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?" Màmá wojú mi. Wọ́n ní, "Méjì." Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, n kò sọ ọ́.

Nígbà tó rí bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ga, tó sì gbọ́ pé wọn kì í sùn, ó ní dókítà kan wà tó máa ń wá lọ́jọ́ Àlàmísì, Dókítà Fáṣadé, pé yàrá tó kángun ló wà. Bọ̀dá mi, dókítà ọpọlọ ni. Mi ò mọ̀ kí a tó wọlé. Bí mo bá mọ̀, a ó ṣì wọlé náà ni.

Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Màmá ni pé, "Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé wèrè ni mo ya?"

Dókítà ní, "Màmá, àwọn tó ya wèrè kì í bi mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni wọ́n máa ń sọ fún pé mo ya wèrè."

Màmá rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín yẹn ṣe ń dún.

Wọ́n wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Dókítà kò já lu ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n parí, ó fi ìka kan iwájú orí ara rẹ̀, lókè ojú. Ó ní, "Ibí yìí ń ṣiṣẹ́ kan tí a kì í mọ̀ pé ó ń ṣe. Ibi tí ìrántí ń gbé wà nínú lọ́hùn-ún, ní ẹ̀gbẹ́ etí. Bí ìrántí tí a kò fẹ́ bá fẹ́ sáré jáde, iwájú orí á ránṣẹ́ sí i pé kó dúró, ibẹ̀ á sì rọlẹ̀. Bíi bíréèkì ló rí, Màmá. Ẹ kàn tẹ bíréèkì..."

Kò tíì parí rẹ̀ tí báàgì bọ́ lọ́wọ́ Màmá.

Mo ní, "Dókítà, ọ̀kadà ni. Ìró bíréèkì ni wọn ò fẹ́ gbọ́."

Ojú tì í. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, Màmá. Ọ̀rọ̀ mi ṣìnà." Ó wá ń wá ọ̀rọ̀ míì kiri, kò rí. Màmá ló ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ń he báàgì wọn, wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹ pè é ní ìjánu."

Ìjánu náà la wá fi sọ ọ́ dé òpin. Dókítà ní ìjánu wà lórí gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ ńlá bá dé lójijì, tàbí bí àárẹ̀ ọkàn bá wọni lára, ọwọ́ tó dì í mú lè rọ. Àìsùn náà ń tú ọwọ́ yẹn. Ó ní kì í ṣe àbùkù, kì í ṣe àìnígbàgbọ́, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà. Ó ní àwọn dókítà fúnra wọn kò tíì fẹnu kò lórí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí òun wà nílé ìwé, wọ́n kọ́ wọn pé bí èèyàn bá ti ìrántí mọ́lẹ̀, ṣe ló máa ń padà wá pẹ̀lú ìbínú. Ìwádìí àìpẹ́ yìí fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, bí wọ́n bá kọ́ bí a ṣe ń dá a dúró.

Mo wá béèrè ọ̀rọ̀ yín gan-an, Bọ̀dá mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kó gbogbo ohun tó ń rán wọn létí kúrò. Ṣé kò dáa bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó ní ó yé òun ìdí tí ẹ fi sọ ọ́. Ó ní ṣùgbọ́n sísá fún ohun tó ń ránni létí yàtọ̀ sí dídá ìrántí dúró. Ẹni tó ń sá, ọwọ́ rẹ̀ kò kan ìjánu rárá. Ìgbà tí ohun yẹn bá wà níwájú ẹni ni ọwọ́ ń kọ́ṣẹ́.

Màmá gbé báàgì wọn lé itan. Wọ́n wá bi í pé, "Bí mo bá wá fa ìjánu yìí, ṣé mi ò ní gbàgbé ọmọ mi?"

Ó ní, "Màmá, ìjánu kì í pa ẹṣin."

Ó fún wọn ní oògùn oorun tí wọn yóò máa lò fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn ìṣínu, ó sì ní ká máa padà wá. Nínú kẹ̀kẹ́ márúwá tó ń gbé wa lọ sílé ni Màmá ti sọ̀rọ̀ nípa bàbá wọn. Ẹ̀yin mọ Bàbá àgbà jù mí lọ, ẹ mọ̀ pé ẹṣin ni wọ́n ń tọ́jú fún ilé Balógun kan. Màmá ní bí wọ́n bá mú ẹṣin tuntun wá láti òkè Ọya, ẹṣin tí kò gbọ́ ìbọn rí, Bàbá kì í fi ìbọn pamọ́ fún un. Wọ́n ní ẹṣin tí a bá fi ìbọn pamọ́ fún, ọjọ́ Ojúde Ọba ló máa pa ẹni tó gùn ún. Wọ́n á ní kí ọdẹ kan yin ìbọn lókèèrè, ní ẹ̀yìn igbó, kí àwọn di ìjánu mú, kí wọ́n máa bá ẹṣin sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọdẹ á sún mọ́ ọn díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí wọ́n á fi yìn ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ẹṣin á kàn ju etí ni.

Màmá ní, "Rahmah, ìbọn ni ẹ kó lọ sí Ayépé yẹn."

Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ti bá Bàbá Abdulhakeem sọ̀rọ̀? Wọ́n wá lánàá, wọ́n ń wọn yàrá Màmá wò, bóyá bẹ́ẹ̀dì méjì á gbà níbẹ̀.

Àbúrò yín,
Rahmah.


Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin, 2025.

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Mo retí ìpè yín lọ́jọ́ ọdún, Màmá náà retí rẹ̀. Wọ́n wọ léèsì aláwọ̀ ewé tí ẹ fi ránṣẹ́, wọ́n gbé fóònù lé itan. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n bọ́ léèsì náà, wọ́n ká a. Mo rí i lórí fóònù mi pé ẹ ti ka ìwé mi. Mi ò mọ ohun tí mo kọ tí kò dáa.

Bí Dókítà ṣe ṣètò rẹ̀ là ń ṣe é. Àwòrán ọ̀kadà lásán la fi bẹ̀rẹ̀, nínú ìwé ìpolówó. Màmá á wò ó. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá fẹ́ yọ, wọn kò ní gbójú kúrò lára ìwé, wọn ò sì ní wá nǹkan míì rò. Wọ́n á kàn dá a dúró, wọ́n á ní, "Ó tó." Ọwọ́ ọ̀tún wọn á fa etí ìró wọn mọ́ra bí ẹni fa ìjánu. Lẹ́yìn ìyẹn la lọ jókòó síwájú mọ́sálásí, níbi tí ọ̀kadà ti ń kọjá lókèèrè. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò ṣeé ṣe, tí wọ́n á ní ká máa lọ sílé. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ṣí ìsọ̀. Wọ́n ta òwú dúdú méjì àti síìpù kan. Ohun tó kù ni ọ̀kadà Haneef fúnra rẹ̀. Dókítà ní kò tíì yá, ká jẹ́ kó di ìparí oṣù tó ń bọ̀, kí òun sì wà níbẹ̀.

Bàbá Abdulhakeem ní ìparí oṣù tó ń bọ̀ náà ni mọ́tò máa wá gbé Màmá. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ìwọ, tó o kàn ṣe wáẹ́ẹ̀kì, o fẹ́ kọ́ mi ní bí a ṣe ń tọ́jú aya ẹ̀gbọ́n mi?" Wọ́n ní ẹ̀yin kò sọ fún àwọn pé ẹ kò fẹ́.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ kò sọ fún wọn.

Rahmah.


Calgary,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún, 2025.

Rahmah,

Ẹ kú ọdún tó kọjá, ẹ kú sùúrù mi. Kò sí ohun tí o kọ tí kò dáa.

Lọ́jọ́ tí ẹ wà ní ilé ìwòsàn, Wálé ọ̀rẹ́ Haneef pè mí lórí fídíò. Ẹkún kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, ló bá dojú fóònù kọ ibùsùn. Mo rí ẹsẹ̀ yẹn. Mo rí ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo yẹn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo rò pé èmi nìkan ló ń wá bá, títí tí mo fi ka ìwé ẹ àkọ́kọ́. Mo dojú fóònù dé orí tábìlì, mo jáde nínú yìnyín láìwọ kóòtù.

Nítorí náà, nígbà tí mo ní kí ẹ kó ẹrù ẹ̀ kúrò, ojú tèmi ni mo ń bò. Bí mo bá pè ní Sátidé, àwòrán ẹ̀ ni mo máa ń rí lẹ́yìn orí Màmá. Mo ní kí ẹ yọ ọ́. Ẹ yọ ọ́, mi ò sì lè pè síbẹ̀síbẹ̀.

Iṣẹ́ òru ni mo gbà fúnra mi, kí n má bàa sùn nígbà tí ilẹ̀ bá dákẹ́. Ìgbà tí o wá kọ ọ́ pé àìsùn ń tú ọwọ́ tó di ìjánu mú, mo kà á lákàtúnkà. Mo sì rò pé mo ti sá dé ibi tí ọ̀kadà kò sí. Nígbà òtútù, kò sí alùpùpù kankan lójú títì níbí lóòótọ́. Oṣù Kẹrin dé, yìnyín yọ́, àwọn aládùúgbò gbé tiwọn jáde nínú gáréèjì. Ọ̀kan dún lẹ́yìn mi níbi tí mo ti ń ra búrẹ́dì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, àgbà ọkùnrin. Obìnrin tó ń gbowó bi mí bóyá kóun pe ọkọ̀ aláìsàn. Mo ní rárá, mo ń wá owó mi tó bọ́ ni.

Mo ti lọ rí dókítà. Mo ti padà sí iṣẹ́ ọ̀sán.

Mo ti kọ̀wé sí Bàbá Abdulhakeem, mo sì ti pè wọ́n lé e. Mo ní èmi Zayd, àrólé bàbá mi, mi ò fọwọ́ sí i kí wọ́n mú ìyá mi lọ sí ibì kankan. Mo ní kí wọ́n dá ọ̀kadà padà lọ́jọ́ tí Dókítà bá dá. Wọ́n bínú. Wọ́n ní òyìnbó ti ba orí mi jẹ́. Mo ní orí mi ti bàjẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ òyìnbó, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Wọ́n já fóònù mọ́ mi létí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ṣọ́ Màmá.

Má sọ ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ tí mo rí fún Màmá. Tàbí kí o sọ ọ́. Ìwọ lo mọ èyí tó dáa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Zayd.


Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, 2025.

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú oorun o. Bí mo ṣe fẹ́ máa kí yín nìyí láti òní lọ.

Mo sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n kírun, wọ́n jáde, wọ́n ní, "Ó rí i, ó gbé e sínú láti ọjọ́ yìí." Wọ́n wá mú àga, wọ́n gun orí rẹ̀, wọ́n kan ìṣó tó yẹ̀ ní ògiri pálọ̀ padà. Wọn kò tíì ní àwòrán tí wọ́n máa gbé kọ́ ọ nígbà náà.

Ọ̀la ni Bàbá Abdulhakeem pàpà gbà láti dá ọ̀kadà padà, kí Dókítà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í fi ọjọ́ ọlọ́jọ́ ṣe nǹkan. Lánàá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo wà ní ẹ̀yìnkùlé, mò ń sá aṣọ. Mo gbọ́ ọ̀kadà kan tó ń bọ̀. Ẹ mọ̀ pé ti Haneef máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó dúró. Mo gbọ́ ìwúkọ́ yẹn. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo sáré.

Màmá dúró ní ẹnu ìsọ̀, páálí bọ́tìnnì lọ́wọ́ òsì. Bàbá Abdulhakeem gun ọ̀kadà náà wọlé, wọ́n ká agbádá sí èjìká, orí wọn ń dán nínú oòrùn. Wọ́n tẹ bíréèkì. Ó dún gan-an.

Mi ò lè sún mọ́ Màmá. Mo kàn ń wo páálí yẹn. Ó gbọ̀n, àwọn bọ́tìnnì inú rẹ̀ ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún Màmá fa etí ìró mọ́ra. Wọn kò gbójú kúrò lára ọ̀kadà. Mo rí ẹnu wọn pé ó ń sọ "Ó tó, ó tó," ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn. Páálí náà dákẹ́. Kò bọ́.

Wọ́n wá ní, "Bàbá Ayépé, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe gùn ún láti ibẹ̀, orí òfìfo? Àṣíborí Haneef dà?"

Bọ̀dá mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́nu wọn láti ọdún tó kọjá. Bàbá Abdulhakeem dúró bí ẹni tí wọ́n mú níbi olè. Wọ́n ní, "Ó wà nínú àpò, Ìyá Zayd. Kò gba orí mi."

Màmá ní, "Orí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ fún ní àṣíborí jù."

Mo wọlé lọ rẹ́rìn-ín kí wọ́n má rí mi. Nígbà tí mo jáde, Bàbá Abdulhakeem ti jókòó sórí páálí òwú, wọ́n ń nu ojú wọn. Wọ́n ní òógùn ni. Àwòrán Haneef náà wà nínú àpò yẹn, wọ́n sì gbà kí n fi kọ́ ògiri. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní Ayépé ni àwọn àlejò wọn máa sùn, pé ilé àwọn náà kò kéré. Wọn kò tún dárúkọ abúlé yẹn. Wọ́n wọ mọ́tò lọ sílé, wọ́n fi ọ̀kadà sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Lóru àná, Màmá jí, mo gbọ́ ẹkún. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sùn padà.

A lọ sí ilé ìlera láàárọ̀ yìí láti jẹ́ kí Dókítà mọ̀ pé ìbọn ti yìn kí ọjọ́ tó pé. Ó fọwọ́ kan orí, ó ní, "Ẹbí yín yìí!" Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Nọ́ọ̀sì Mosúnmọ́lá ti ṣí fáìlì tuntun, ó sì tún gbogbo ìbéèrè rẹ̀ bi Màmá.

"Ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Mẹ́ta."

Nọ́ọ̀sì yẹ fáìlì àtijọ́ wò. Ó ní, "Màmá, méjì lẹ pè fún mi nígbà yẹn."

Màmá ní, "Ẹ pa á rẹ́. Mẹ́ta ni. Àkọ́bí wà lókè òkun, kì í sùn. Èkejì nìyí, kì í sọ̀rọ̀. Haneef ni àbíkẹ́yìn, ó ti lọ."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́. Mo rí i bó ṣe kọ ọ́.

Màmá ní kí ẹ pè ní Sátidé, kí ẹ sì ṣí fídíò. Ibi tí wọ́n máa ń jókòó náà ni wọ́n máa jókòó, Haneef á sì wà lẹ́yìn orí wọn, á máa rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rù bá bà yín, wọ́n ní kí ẹ di etí aṣọ yín mú.

Àbúrò yín,
Rahmah.